Bọ́ọ̀lù gọ́ọ̀fù tòkúnbọ̀ l'Óṣogbo: ẹ wo kòtò ara rẹ̀ kí ẹ tó ka orúkọ

Ìsọ̀ kan wà nítòsí Ọláìyá níbí l'Óṣogbo tí wọ́n ti ń ta ẹrù eré ìdárayá tòkúnbọ̀: bàtà bọ́ọ̀lù, ràkẹ́ẹ̀tì, báàgì gọ́ọ̀fù tí síìpù rẹ̀ ti kọ iṣẹ́, àti bọ́ọ̀lù gọ́ọ̀fù. Bọ́ọ̀lù yẹn, àti kòtò wẹ́wẹ́ tó bo gbogbo ara rẹ̀, ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Oríṣi méjì ni wọ́n ń tà. Ọ̀kan wà nínú gíláàsì níwájú, funfun báláú, tó ń kọ mọ̀nà, orúkọ ńlá ńlá sì wà lára rẹ̀. ₦1,800 ni ẹyọ kan. Èkejì wà nínú ike búlúù lábẹ́ tábìlì. Ara rẹ̀ ti họ díẹ̀, àwọn kan ṣì ní àmì tí ẹni tó kọ́kọ́ ni wọ́n fi bírò fà sí wọn lára. Ìyẹn jẹ́ ₦1,200. Tinú ike ni kí ẹ rà. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti owó nìkan, mo máa ṣàlàyé.

Mọ́tò kíkùn ni iṣẹ́ tèmi. Bí mọ́tò bá forí sọ nǹkan, tí panẹli-bítà ti lù ú tán, èmi ni n ó fi bọ́dífílà dí i, n ó fi sándípépà họ ọ́, n ó sì fọ́n ọ̀dà sí i títí ẹni tó ni ín kò fi ní mọ ibi tó ti fọ́ mọ́. Kí n tó kọ́ṣẹ́ yìí, kádì ni mí n'Íbàdàn. Nídìí gbígbé báàgì fún àwọn ọ̀gá ọ̀gá ni mo ti kọ́ gọ́ọ̀fù gbígbá. Ní báyìí, bí iṣẹ́ bá ti fún mi láyè ní òpin ọ̀sẹ̀, Adá ni ẹ ó ti bá mi, ní pápá MicCom. Nítorí náà, bí wọ́n bá gbé bọ́ọ̀lù tí wọ́n fọ́n ọ̀dà sí wá síwájú mi, ojú méjì ni mo fi ń wò ó.

Mo mú ọ̀kan nínú gíláàsì, mo gbé e lọ sẹ́nu ọ̀nà, mo ń yí i lójú oòrùn.

"Ọ̀gá, kì í ṣe ẹyin o," ọmọkùnrin tó ń tajà ló sọ bẹ́ẹ̀.

"Mo mọ̀. Ta ló kùn ún?"

"Kò sẹ́ni tó kùn ún, Ọ̀gá. Bó ṣe ti òkè òkun dé nìyẹn. Pro V1 gidi ni."

Pro V1 ni orúkọ bọ́ọ̀lù olówó gọbọi kan tí ilé-iṣẹ́ Titleist ń ṣe. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé òótọ́ ni ọmọkùnrin náà rò pé òun ń sọ. Iṣẹ́ bọ́ọ̀lù kíkùn wọ́pọ̀ lókè òkun. Àwọn òmùwẹ̀ máa ń wọ inú adágún pápá gọ́ọ̀fù lọ kó bọ́ọ̀lù tó ti já sómi, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á sì yà á sọ́tọ̀ ní ìpele ìpele. Èyí tí ara rẹ̀ ṣì dára, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe máa tà á. Èyí tí ara rẹ̀ ti ṣá tàbí tó ti họ jù, wọ́n á bó ọ̀dà àtijọ́ kúrò, wọ́n á fọ́n tuntun sí i, wọ́n á sì tún orúkọ tẹ̀ ẹ́ lára. Kò sí ohun tó burú nínú ìyẹn bí ẹni tó ń rà á bá mọ ohun tó ń rà. Ṣùgbọ́n kí ọjà tó ti Èkó dé Òṣogbo, ó ti gba ọwọ́ ẹni mẹ́rin márùn-ún kọjá, ẹni tó kẹ́yìn ò sì mọ̀ ju pé ó funfun, ó sì ń dán.

Mo rí ọ̀dà tó ṣàn. Gbogbo ẹni tó ti di gọ́ọ̀nù ọ̀dà mú rí mọ ohun tí mo ń wí: ibì kan tó ti gba ọ̀dà jù, tó fẹ́ kán, tó sì gbẹ kó tó lè kán. Lára mọ́tò, oníbàárà á dá a padà fún ẹ. Lára bọ́ọ̀lù gọ́ọ̀fù, kò sẹ́ni tó ń wò ó. Mo ra díẹ̀ nínú oríṣi méjèèjì, mo kó wọn lọ sí ṣọ́ọ̀bù.

Ọgbọ́n kan wà tí àwa pẹ́ńtà ń lò. Bí a bá fẹ́ mọ ibi tó ṣì lọ sílẹ̀ lára ilẹ̀kùn mọ́tò tí a ti dí, a ó da ìyẹ̀fun dúdú sí i, a ó fi aṣọ nù ún fẹ́ẹ́rẹ́. Ibi tó bá lọ sílẹ̀ ni dúdú yóò kù sí. Mo ní kí ọmọ iṣẹ́ mi lọ èédú kúnná, a sì fi pa bọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan lára, a nù ún. Lára èyí tó ti inú ike wá, dúdú jókòó sínú kòtò kọ̀ọ̀kan, roboto roboto, etí wọn mú, ẹ lè máa fi ìka kà wọ́n. Bí ẹ bá fi èékánná gbá ojú rẹ̀ kọjá, ẹ ó gbọ́ bó ṣe ń kọ́ etí kòtò. Lára tinú gíláàsì, apá kan mú dúdú, apá kejì sì bá aṣọ lọ. Nítòsí ibi tí wọ́n tẹ orúkọ sí gan-an, bíi kòtò mẹ́fà tàbí méje wà tí èédú ò rí nǹkan kan dì mú níbẹ̀. Ọ̀dà ti ṣàn wọ ibẹ̀, ó ti sùn síbẹ̀. Èékánná kọjá lórí rẹ̀, kò dún.

Ọ̀dà tútù kì í dúró létí nǹkan. Ó máa ń sá kúrò lórí etí, á ṣàn lọ sí ibi tó bá rẹlẹ̀. Ìdí nìyẹn tí etí bónẹ́ẹ̀tì fi máa ń kọ́kọ́ họ. Lára bọ́ọ̀lù gọ́ọ̀fù, ibi tó rẹlẹ̀ ni kòtò wẹ́wẹ́ wọ̀nyí tí àwa agbá-gọ́ọ̀fù ń pè ní dímpù, wọn ò sì jìn: nǹkan bíi 0.25 mm ni jíjìn wọn. Gbogbo ọ̀dà ara mọ́tò tuntun, láti ìsàlẹ̀ dé orí kílíà tó ń dán lókè, máa ń tó 0.1 mm tàbí kó lé díẹ̀. Ẹ fi ìyẹn ṣírò. Ẹni tó bá fọwọ́ yẹpẹrẹ mú gọ́ọ̀nù á ti dí ìdajì kòtò kó tó gbé e kalẹ̀.

Ǹjẹ́ kí ni a fẹ́ fi kòtò ṣe? Bí bọ́ọ̀lù bá ń fò, atẹ́gùn iwájú rẹ̀ á yà, á gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Bí ara bọ́ọ̀lù bá dán, atẹ́gùn yìí á tètè bọ́ kúrò lára rẹ̀ láìtíì dé ẹ̀yìn, á sì fi àlàfo ńlá kan sílẹ̀ níbẹ̀ tí atẹ́gùn ti ń yí kiri. Ẹni tó ti wakọ̀ tẹ̀lé tírélà rí lójú ọ̀nà Gbọ̀ngán nígbà ẹ̀ẹ̀rùn mọ̀ ọ́n: eruku àti ọ̀rá náílọ́ọ̀nù á máa pòòyì lẹ́yìn rẹ̀, wọn á máa tẹ̀lé e bíi pé ó so wọ́n mọ́ra. Àlàfo yẹn ló ń fa bọ́ọ̀lù sẹ́yìn. Iṣẹ́ kòtò ni pé ó ń da atẹ́gùn tó sún mọ́ ara bọ́ọ̀lù jù lọ rú. Atẹ́gùn tí a ti dà rú bẹ́ẹ̀ lágbára láti lẹ̀ mọ́ bọ́ọ̀lù pẹ́ sí i, á sì bá a dé ọ̀ọ́kán ẹ̀yìn kó tó bọ́. Àlàfo á kéré, ìfàsẹ́yìn á sì dín kù dé nǹkan bí ìdajì. Bí ẹni kan náà bá fi agbára kan náà gbá bọ́ọ̀lù tó dán pátápátá, bí ìdajì ibi tí oníkòtò dé ni yóò já sí.

Ìyẹn jẹ́ apá kan. Apá kejì ló wù mí jù. Ojú ọ̀pá gọ́ọ̀fù dagun, nítorí náà bí bọ́ọ̀lù bá ti kúrò lójú rẹ̀, yíyí sẹ́yìn ló ń yí bó ṣe ń lọ síwájú. Lọ́wọ́ àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́, dráífà, ọ̀pá gígùn tí à ń fi gbá bọ́ọ̀lù jìnnà, ń mú un yí nǹkan bí ìgbà 2,500 sí 3,000 ní ìṣẹ́jú kan, wẹ́ẹ̀jì, ọ̀pá kúkúrú tó ń gbé e sókè, sì lè mú un kọjá 9,000. Bó ṣe ń yí bẹ́ẹ̀, ó ń mú atẹ́gùn òkè rẹ̀ yára, ó ń mú ti ìsàlẹ̀ falẹ̀, ó sì ń darí èyí tó kù lẹ́yìn sísàlẹ̀. Atẹ́gùn ń lọ sísàlẹ̀, bọ́ọ̀lù ń lọ sókè. Kòtò ló ń jẹ́ kí yíyí náà rí atẹ́gùn mú. Bí ẹ bá dúró lẹ́yìn ẹni tó gbá a dáadáa, ẹ ó rí i tí bọ́ọ̀lù á fò lọ ní pẹrẹsẹ, tí á tún wá gbéra lẹ́ẹ̀kejì lókè bíi pé ẹnì kan ti ìsàlẹ̀ tì í.

Gbígbéra lẹ́ẹ̀kejì yẹn ni mi ò rí lára tinú gíláàsì nígbà tí a kó wọn dé Adá. Ìyá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ la jọ ń gbá, kì í sì í fi ọ̀rọ̀ bò. Mo fi dráífà gbá ọ̀kan, ó dún dáadáa lójú ọ̀pá, ó lọ, ó sì kàn rọ̀ sílẹ̀ láàárín ọ̀nà.

"Pẹ́ńtà, kí ló ṣe bọ́ọ̀lù ẹ yẹn?"

"Ọ̀dà ni, Mà."

"Ọ̀dà kẹ̀?"

Mo fún ìyá náà ní tinú ike kan àti tinú gíláàsì kan. Àwọn kì í gbá a jìnnà, ara ti ń dàgbà, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń gbá a gún. Tinú ike lọ síbi tí wọ́n máa ń gbá a sí. Tinú gíláàsì bẹ̀rẹ̀ dáadáa, ó wá ń yà sọ́wọ́ ọ̀tún díẹ̀díẹ̀ títí ó fi wọ koríko gíga. A paarọ̀ wọn, a tún gbá wọn. Gbogbo wọn kọ́ ló ṣe bákan náà, àwọn kan nínú tinú gíláàsì fò dáadáa. Ohun tó sì ń bí mi nínú gan-an nìyẹn. Bọ́ọ̀lù tó kúrú nígbà gbogbo, mo lè mú ọ̀pá mìíràn fún un. Èyí tó gún lónìí, tó yà lọ́la, kí ni kí n ṣe sí i?

Ìdí tó fi ń yà kò le. Bí kòtò bá jìn ní apá kan, tó sì kún ní apá kejì, atẹ́gùn ò ní fi bákan náà bá ẹ̀gbẹ́ méjèèjì lò. Àwọn kan tiẹ̀ ti fi èyí pawó. Láàárín ọdún 1970 sí 1980, àwọn méjì kan ní Amẹ́ríkà ṣe bọ́ọ̀lù kan tó ń jẹ́ Polara. Wọn ò jẹ́ kí kòtò rẹ̀ jìn bákan náà yíká, kí bọ́ọ̀lù lè máa tún ara rẹ̀ ṣe bó bá fẹ́ yà. Ó ṣiṣẹ́ débi pé USGA, àjọ tó ń ṣòfin gọ́ọ̀fù ní Amẹ́ríkà, fi òfin dè é ní 1981: bọ́ọ̀lù gbọ́dọ̀ máa fò bákan náà, bó ti wù kí a gbé e kalẹ̀. Àwọn onípolara pe ẹjọ́, wọ́n sì gba owó kí ọ̀rọ̀ tó parí, ṣùgbọ́n òfin náà ò yí padà. Ohun tí àwọn yẹn fi ọgbọ́n ṣe kí bọ́ọ̀lù má baà yà, gọ́ọ̀nù ọ̀dà ń fi àìbìkítà ṣe òdì kejì rẹ̀.

Nígbà tí mo wà ní kádì, àwọn àgbà ẹgbẹ́ kan máa ń sọ bí kòtò ṣe dé fún wa. Láyé àtijọ́, awọ tí wọ́n ki ìyẹ́ sí nínú ni bọ́ọ̀lù gọ́ọ̀fù. Ní 1848 ni èyí tí wọ́n fi oje igi gutta-percha ṣe dé, ó pọ́n, ó sì dán. Àwọn tó ń gbá a wá ṣàkíyèsí pé ògbólógbòó rẹ̀, èyí tí ọ̀pá ti ṣá lára káàkiri, ń fò ju tuntun lọ. Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi òòlù ṣá tuntun lára. Ní 1905 ni William Taylor, ará Ìlú Gẹ̀ẹ́sì, gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí kòtò roboto. Láti ìgbà yẹn, àtúnṣe ló kù.

Ẹ má jẹ́ kí iye kòtò kó yín láyà sókè. Àwọn tó ń tajà fẹ́ràn láti máa pe nọ́ńbà. Pro V1 àtijọ́ ní 352, láti 2021 ó di 388. Pro V1x tó jáde lọ́dún kan náà ní 348. Kì í ṣe pé ẹni tó ní púpọ̀ ló ń borí. Bí kòtò ṣe jìn tó, bí etí rẹ̀ ṣe mú tó, àti bó ṣe bo ara bọ́ọ̀lù tó ló ń ṣiṣẹ́. Callaway, ilé-iṣẹ́ mìíràn tó ń ṣe bọ́ọ̀lù, kì í tiẹ̀ ṣe tiwọn ní roboto nígbà púpọ̀, oní-igun mẹ́fà ni, tiwọn náà sì ń fò. Bí mo ti sọ̀rọ̀ dé orí igun mẹ́fà yìí, ẹ jẹ́ kí n tún fẹjọ́ kan sùn: ọ̀kan nínú àwọn tinú gíláàsì tí mo rà ní "Pro V1" gàdàgbà lára, ṣùgbọ́n nígbà tí èédú wọ inú kòtò rẹ̀, igun mẹ́fà mẹ́fà ló yọ. Ẹni tó tẹ orúkọ yẹn sí i ò tiẹ̀ bìkítà láti wo ohun tó ń tẹ̀ ẹ́ sí. Ọmọ iṣẹ́ mi rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí táyà.

Mo tún dán ìwúwo wọn wò. Ẹ po iyọ̀ sínú omi gbígbóná, kí ó pọ̀ dáadáa, títí bọ́ọ̀lù fi máa léfòó. Ẹ fi ọwọ́ yí i nínú omi. Bí ojú kan náà bá ń padà sókè ní gbogbo ìgbà, apá kan rẹ̀ wúwo ju èkejì lọ. Nínú tinú ike, mi ò rí èyí tó ṣe bẹ́ẹ̀. Tinú gíláàsì, mo rí i. Òfin ní kí bọ́ọ̀lù má wúwo ju 45.93 g lọ, kó má sì kéré ju 42.67 mm lọ ní ìbú. Ọ̀dà ń fi kún ìwúwo, ẹni tó ń kùn ún kì í sì í gbé òṣùwọ̀n sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ti ìsọ̀ náà fúnra rẹ̀ wá kù. Ọmọkùnrin yẹn kì í gbówó lé ọjà lójijì, mo fẹ́ràn ìyẹn. Ó jẹ́ kí n tú gbogbo ike rẹ̀ sílẹ̀, kí n ṣà á lọ́kọ̀ọ̀kan, ó tún gbé àpótí fún mi jókòó. POS rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Ohun tí kò dáa ni pé kì í fọ bọ́ọ̀lù, amọ̀ tó gbẹ sínú kòtò wọn ti di òkúta. Ẹ má fi irú èyí gbá bọ́ọ̀lù bẹ́ẹ̀ o, amọ̀ ń ṣe ohun tí ọ̀dà ń ṣe. Ẹ rẹ ẹ́ sínú omi ọṣẹ di ọjọ́ kejì, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì eyín àtijọ́ fọ̀ ọ́. Ní ìgbà òjò pàápàá, bí amọ̀ bá lẹ̀ mọ́ ọn láàárín pápá, òfin ò sábàá gbà yín láyè láti nù ún títí ẹ ó fi dé ibi koríko kúkúrú tí ihò wà, àfi bí àwọn tó ni pápá bá fún yín láyè lọ́jọ́ náà. Bọ́ọ̀lù tí ẹ bá fi bẹ̀rẹ̀ ní mímọ́, ó kéré tán, ẹ ti jẹ àǹfààní ibi tí ẹ bẹ̀rẹ̀.

Bí ẹ bá ń ṣà á, ẹ gbójú fo ọ̀họ tín-tìn-tín, kò ní kí bọ́ọ̀lù má fò. Ẹ gbójú fo àmì bírò pẹ̀lú. Èyí tí ọ̀pá ti gé lára, tí ẹ̀là rẹ̀ ti ń ṣí, ẹ dá a padà. Èyí tí àwọ̀ rẹ̀ ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ó ti pẹ́ lábẹ́ omi, ẹ dá a padà. Ẹ fi èékánná gbá ojú rẹ̀ yíká, nítòsí orúkọ pàápàá. Tinú gíláàsì, ẹni tó bá fẹ́ kó o sórí tábìlì ọ́fíìsì kó máa wò ó lè rà á. Ẹni tó bá sì ní ihò kan tí adágún wà níwájú rẹ̀, tó mọ̀ pé omi ló ń gbà á lọ́jọ́ gbogbo, lè fi irú rẹ̀ rúbọ níbẹ̀.

Mo padà lọ sọ gbogbo rẹ̀ fún ọmọkùnrin tó ń tajà, mo fi bọ́ọ̀lù tó dúdú hàn án. Ó wò ó títí, ó fi èékánná tirẹ̀ náà gbá a. Mo ní ṣé kò ní dín owó tinú gíláàsì kù báyìí, ó ní rárá, àwọn tó ń rà á fún ẹ̀bùn ọjọ́ ìbí ọ̀gá wọn kì í béèrè kòtò. Ṣùgbọ́n ó ti yọ èyí tó ní igun mẹ́fà kúrò, ó sì ní bí mo bá fẹ́ kọ nǹkan nípa òun, kí n jọ̀ọ́ má dárúkọ ìsọ̀. Ọjọ́ Àìkú nìkan ni kì í ṣí.